Omi Èèpo Akàn Inú Makaroni Mi

Ẹ má wò mí bí ẹni tó ń kú lọ. Ara mi le, eyín mi pé, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti inú yàrá mi dé abẹ́ igi máńgòrò yìí. Àìsàn kọ́ ló mú mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ká mi mọ́ ibì kankan. Èmi Antoinette, ìyàwó Éloi, ìyá Diane, ni mo ní kí Bàbá wa Léonard, olórí ilé, pe gbogbo agbo ilé jọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilé yìí tó wọ́. Èmi ni mo mú kó wọ́, èmi náà ni mo sì fẹ́ tún un tọ́ lónìí. Bí mo bá parí, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ná. Mo mọ ara mi: bí ẹ bá dá mi dúró lágbedeméjì, màá wá ọ̀nà yọ́ bọ́ nínú rẹ̀, ẹnu mi sì dùn jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí ẹ̀yin ìyàwó kékeré tí ẹ kò tíì dé ilé yìí nígbà náà, màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilé yìí kì í jẹ akàn. Nígbà ogun, àwọn baba ńlá ọkọ wa sá gun orí òkè, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, akàn kan ni wọ́n tẹ̀ lé dé ibi tí omi ti ń sun lábẹ́ àpáta. Láti ìgbà náà, ọmọ ilé yìí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kì í fi akàn kan ẹnu. Àwa ìyàwó lè jẹ ẹ́ níta bó bá wù wá, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé e wọ inú ìkòkò ilé. Ìyá Ẹ̀ta tó jókòó síbí yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé. Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò lè dúró níbí kí n sọ pé mi ò gbọ́.

Kí n tó fẹ́ Éloi, mo ti ṣiṣẹ́ ìdáná ní Kútọnu, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí òkun. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ makaroni oní-fùròmáàjì, ìyẹn wàrà òyìnbó, tí wọ́n ń fi edé àti ẹja òkun sè. Mo sì mọ̀ ọ́n sè. Mi ò ní díbọ́n kí n sọ pé oúnjẹ mi kò dára. Ó dára! Mo máa ń yọ́ bọ́tà lórí iná tí kò le, màá da ìyẹ̀fun sí i, màá rò ó títí yóò fi máa ta sánsán, màá wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi kò ní dúró, títí yóò fi ki bí ògì. Wàgàsì, wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà lọ́jà, kì í yọ́, ẹ lè sè é di ọ̀la. Nítorí náà orí oúnjẹ nìkan ni mo máa ń rin ín sí kó lè pọ́n, fùròmáàjì inú páálí ni mo ń yọ́ sínú ọbẹ̀ funfun náà. Lẹ́yìn náà ni edé tútù, ẹja tí mo ti yọ egungun rẹ̀, àlùbọ́sà àti ata díẹ̀. Nítorí pé mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan oúnjẹ, inú ìkòkò ńlá tí mo da yanrìn sí nídìí ni mo ti ń yan án, pẹ̀lú ẹyin iná lórí ìdérí. Ṣùgbọ́n ní Kútọnu, ohun kan wà tó ń mú un dùn ju gbogbo èyí lọ. Èèpo akàn ni. A ó fọ́ ọ, a ó sè é, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó wá da omi pupa yẹn mọ́ mílíìkì. Ojú kò ní rí akàn kankan níbẹ̀, ahọ́n nìkan ni yóò mọ̀ pé nǹkan wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ se makaroni ní Kèrè níbí, mi ò fi omi akàn sí i. Gbogbo yín tọ́ ọ wò, ẹ dúpẹ́, ẹ ní, "Merci, Antoinette," ẹ sì padà sídìí iyán yín. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo irú obìnrin tí mo jẹ́: torí pé ẹnikẹ́ni kò ní kí n bu òmíràn wá.

Ràhímọ́tù tó ní ìsọ̀ ní ọjà Ìdáàṣà ló máa ń bá mi gba edé tí wọ́n fi yìnyín bò wá láti Kútọnu. Mo ní kó bá mi fi akàn kún un. Ó wò mí. "Antoinette, ṣebí ilé ọkọ rẹ kì í jẹ akàn?"

Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́ níbí, kí n tó gun alùpùpù zémìjàn lọ sílé."

"Gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Ebi ń pa mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi gbà á. Ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti sè é, nínú ìkòkò tirẹ̀. Mo sẹ́ omi rẹ̀ sínú ìgò, mo wá ń sọ fún ara mi pé akàn kò wọ inú ìkòkò ilé ọkọ mi, omi lásán ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n burúkú ṣe ń rí, òun nìyẹn. Ní Nóẹ̀lì, ọdún ìbí Jésù, lọ́dún náà, ẹ fi ìka nu àwo. Bàbá Léonard, ẹ̀yin lẹ ní, "Ọmọ yìí ti gbé òkun wá bá wa lórí òkè." Bàbá Diane, ẹ̀yin lẹ fi búrẹ́dì nu ìdí ìkòkò títí ó fi ń dán. Mo fún ọkọ mi ní èèwọ̀ baba rẹ̀ jẹ, mo sì jókòó tì í, mo ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni, inú mi sì dùn débi pé mo ń dá kọrin. Ìyá Ẹ̀ta nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà ní Gbaffo nílé ọmọ wọn.

Nígbà ọdún Àjíǹde, wọ́n wá. Èmi náà sì ti gbójú, mo fi akàn kún akàn. Makaroni mi wà nílẹ̀, Gisèle, ìyàwó Bienvenu àbúrò ọkọ mi, sì gbé ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ tirẹ̀ wá fún iyán. Ìyá Ẹ̀ta jẹ méjèèjì. Kò pẹ́ tí ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Ètè wọn wú, ojú wọn wú, ohùn wọn há. Bienvenu gbé wọn sórí alùpùpù, ó sáré gbé wọn lọ bá dókítà, wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nígbà tí wọ́n dé ni pé, "Akàn ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ẹgbẹ́ mi fún mi ní akàn odò jẹ láìmọ̀, bí ara mi ṣe ṣe nìyẹn. Edé kì í ṣe mí ní nǹkan, ṣùgbọ́n ara mi kò gbàgbé akàn." Ìyá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ báyìí kí n má baà máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Bàbá Léonard bi gbogbo àwa tí a dáná léèrè. Mo gbé makaroni tó ṣẹ́kù síwájú yín, mo ní, "Ẹ tú u wò. Bí ẹ bá rí akàn kan níbẹ̀, ẹ lé mi lọ sílé bàbá mi." Ẹ tú u. Edé, ẹja, makaroni, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn: mo wá ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ òótọ́, mo sì fi pa irọ́. Ọbẹ̀ Gisèle ní tirẹ̀ dúdú, ẹja tí wọ́n gún ló wà nínú rẹ̀, ta ló lè mọ ohun tí wọ́n gún mọ́ ọn? Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣa ẹja náà, èmi ni mo gún un. Kò sí akàn níbẹ̀. Mo fi orí àwọn ọmọ mi búra." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Mo wò ó, mo sì panu mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé mo panu mọ́ nìkan ni, ǹ bá máa wá ọ̀rọ̀ gbèjà ara mi. Ẹ gbọ́ èyí tó kù.

Láti ọjọ́ náà, ilé kò bá Gisèle ṣeré mọ́. Bó bá kí yín, ẹ ó dá a lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Àwọn ọmọ kì í lọ sídìí àwo rẹ̀ mọ́. Ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń bẹ iṣu, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ mọ ilé yìí. Kí ni kí n ṣe?" Mo mọ̀ pé bó bá ń sọ ọ́ lọ báyìí pé òun kò ṣe é, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò ní, "Ó dáa, ta ló wá ṣe é?" Mo bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, sọ pé o kò mọ̀. Sọ pé ẹlẹ́ja ló da akàn gbígbẹ mọ́ ọn lọ́jà. Wọ́n á dárí jì ọ́, gbogbo rẹ̀ á tán."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti búra."

Mo ní, "Ṣé ìbúra lo fẹ́ tọ́jú ni, àbí ilé ọkọ rẹ?"

Ó sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! Èmi sì dá a lóhùn, mo ní kò tọ́pẹ́.

Abẹ́ igi yìí náà ló kúnlẹ̀ sí. Ó ń sọ ohun tí mo kọ́ ọ bí ọmọ iléèwé tó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹ̀ta gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ o ti fi orí ọmọ búra. Èwo wá ni irọ́, ti ọjọ́ náà ni, àbí ti òní?" Kí ni Gisèle fẹ́ sọ? Mo ti dí ọ̀nà méjèèjì mọ́ ọn. Ìyá wá yíjú sí mi. Ẹ rántí, Ìyá? Ẹ ní, "Antoinette, ìwọ tó o jẹ́ ìyálé rẹ̀, ṣé o lè dúró fún un pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?" Gisèle gbójú sókè sí mi, ó ń wò mí bí ẹni tí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti dé. Mo ní, "Ìyá, mi ò lè búra fún un."

Ohun tó burú jù tí mo ti ṣe láyé nìyẹn. Kì í ṣe akàn. Ti akàn, ìyìn ló ń wù mí, mo ya òpònú. Ṣùgbọ́n èyí, mo rí ènìyàn lórí eékún níwájú mi, mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan, mo sì tì í ṣubú kí èmi lè dúró.

Ẹ̀yin ìyàwó kékeré, ẹ ti ń rí ìkòkò kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, tí koríko ti hù yí i ká. Ti Gisèle ni. Nínú ilé yìí, ìyàwó tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fún ọmọ ilé ní èèwọ̀ jẹ, ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kò gbọdọ̀ dáná fún agbo mọ́, àfi kí ẹni tó jẹ èèwọ̀ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò náà dìde. Bienvenu kò fi oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe ayẹyẹ, omi ni Gisèle ń pọn, àwo ló ń fọ̀. Ìkòkò makaroni mi, òun ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ mọ bí fùròmáàjì tó jóná ṣe máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó ń fi yanrìn ha á níta, ẹ̀yin ń yìn mí nínú ilé. Mo di Antoinette onímakaroni, Kèrè mọ̀ mí, wọ́n ń ránṣẹ́ pè mí láti Akofodjoulè kí n wá sè fún ìrìbọmi. Mi ò sì fi akàn sí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Orí edé ni mo ń dín nínú bọ́tà, mo ń fi omi sè é, mo ń sẹ́ ẹ. Ó sì dùn bákan náà! Gbogbo ohun tí mo bà jẹ́ yìí, mi ò tilẹ̀ nílò akàn ọ̀hún. Bí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ràhímọ́tù nìkan ló fura. Ó bi mí pé, "Akàn tí mo bá ọ gbà ńkọ́?" Mo ní mo jẹ ẹ́. Ó ní, "Ìwọ nìkan?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó edé. Ó ní, "Mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ilé yín. Ìwọ àti Ọlọ́run ni." Kò gba akàn fún mi mọ́ láti ìgbà náà. Ọdọọdún ni mo sì ń lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ àlùfáà kí Àjíǹde tó dé. Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, mo sùn nígbà Mísà. Mo kó àwọn ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí fún Ọlọ́run, mo sì fi èyí tó tóbi pamọ́ sílé.

Kí ló wá yí mi padà? Ọpẹ́ ni. Mi ò lá àlá kankan. Amandine, ọmọ Gisèle, tó ń lọ sílé ọkọ láìpẹ́, ló wá bá mi. Gbogbo wa mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ìdílé ọkọ bá wá tọrọ ọmọ níbí, ọwọ́ ìyá ìyàwó ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti jẹun. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá Diane, Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ mọ̀ pé àwọn kò lè dáná, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá àwọn se makaroni yín, kí ẹ gbé e fún àwọn àna ní orúkọ àwọn. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ bá àwọn sọ̀rọ̀ rere nígbà tí gbogbo ilé kẹ̀yìn sí àwọn." Mo ní kí ó má ṣèyọnu, pé màá sè é. Mo tilẹ̀ dáná láti kọ́kọ́ dán an wò. Mo yọ́ bọ́tà, mo da ìyẹ̀fun sí i, mo gbé mílíìkì, ọwọ́ mi tí kì í dúró wá dúró. Ọbẹ̀ funfun náà di kókó, ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, lọ́wọ́ èmi tí mi ò ba makaroni jẹ́ rí. Mo dúró tì í, mo ń wò ó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Gisèle ni yóò fọ èyí náà. Omijé bọ́ lójú mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í sunkún.

Mo sọ fún ọkọ mi. Wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ fún Gisèle?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "O kò tíì sọ nǹkan kan nìyẹn." Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Gisèle. Lórí ìdúró ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, kó má baà rò pé mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun. Kò pariwo, kò bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ló bi mí. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ lábẹ́ igi, tí mo gbójú sókè sí yín, ṣé ẹ rí mi?"

Mo ní, "Mo rí ọ."

Ó ní, "Ó dáa. Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé ẹ kò rí mi ni."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í.

Bàbá Léonard, mo ti tàn yín. Bàbá Diane, mo ti ba ẹnu yín jẹ́. Ohun tí ilé bá ní kí n ṣe láti fi wẹ̀ yín mọ́, màá ṣe é. Bienvenu, ìyàwó rẹ kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ kan ṣoṣo tó pa nílé yìí. Ẹ̀yin ìyàwó kékeré, mo mọ̀ pé ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe kọ́ makaroni yìí, ẹ sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí, kò ku nǹkan kan. Kí ìyìn dùn mọ́ yín nínú, kò burú, ó ṣì ń dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ẹlòmíràn ló ń jìyà ìyìn tí ẹ ń gbà, ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró títí ẹni náà yóò fi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìkòkò mi wà níwájú yín. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jẹun lọ́wọ́ mi nínú agbo yìí mọ́, àfi bí Ìyá Ẹ̀ta àti Gisèle bá jọ fohùn ṣọ̀kan pé ó tó. Bí wọn kò bá sọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi máa kú, mo gbà.

Gisèle wà lẹ́yìn ilé ìdáná báyìí. Kò wá jókòó, nítorí kò sí ẹni tó pè é. Ó ti to igi sáàárín àdògán, kò tíì ṣáná sí i. Ìyá Ẹ̀ta, mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ dìde. Diane á mú yín lọ́wọ́, èmi ò ní tẹ̀ lé yín. Ẹ lọ gbé ìkòkò náà dìde fún un. Bó bá sì fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ má gbà fún un. Ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́.